Wọ́n Fún Yín Ní Dúdú: Bí A Ṣe Ń Fi Ìdáàbòbò Àbáláyé Borí Nínú Ṣẹ́ẹ̀sì

Bí wọ́n bá di pọ́ọ̀nù kan mọ́ ọwọ́ ọ̀tún, tí wọ́n di òmíràn mọ́ ọwọ́ òsì, tí ẹ wá mú ọwọ́ kan tí dúdú sì bọ́ síta, ẹ má fajú ro. Láti Tánkẹ dé Ọjà Ọba, láti Ọ̀fà dé Òmù-Àrán, ohun kan náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì: funfun ló ń kọ́kọ́ ṣí, nítorí náà funfun ló ni eré. Ẹni tó bá gba dúdú á wá máa wá pańpẹ́ kiri lórí YouTube, irú èyí tó ń múni lẹ́ẹ̀kan tí kì í múni lẹ́ẹ̀kejì. Èmi ò fara mọ́ ọn. Kí dúdú fi pọ́ọ̀nù dá pọ́ọ̀nù lóhùn, kó kó ẹṣin àti bíṣọ́ọ̀bù jáde, kó fi ọba pamọ́, kó má sì lu ẹnikẹ́ni títí àwọn èèyàn rẹ̀ á fi dé ojú ogun tán. Orí gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dá lé.

Eré kan ṣoṣo la máa tú palẹ̀. Louis Paulsen, ọmọ Jámánì tó ń gbé Amẹ́ríkà nígbà náà, ló mú funfun. Paul Morphy, ọmọ New Orleans tó jẹ́ ẹni ogún ọdún, ló mú dúdú. Ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1857 ni wọ́n ta á ní New York, ní ìparí ìdíje àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí Amẹ́ríkà ṣe. Morphy jẹ Paulsen lẹ́ẹ̀marùn-ún nínú ìparí ìdíje náà, ó pàdánù ẹ̀ẹ̀kan, wọ́n ta ọ̀mì lẹ́ẹ̀mejì. Ìlú New York yìí kan náà ni Túndé Ọ̀nàkọ̀yà tiwa ti jókòó ní Times Square ní oṣù kẹrin ọdún 2024, tó ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60. Nígbà ti Paulsen kò sí aago lórí tábìlì, àwọn èèyàn sì mọ Paulsen sí ẹni tó máa ń ronú títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ tẹ́ pátákó sílẹ̀ gan-an. Ẹ má fojú lásán kà á lórí fóònù, nítorí ohun tí ọwọ́ kò bá gbé kì í pẹ́ lórí. Bí ó bá jẹ́ pátákó rọ́bà tó ń ká sókè lásìkò ọyẹ́ ni, ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ tẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí pọ́ọ̀nù bá ti sọnù, ìdérí mínírà á ṣe é. Ẹ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ dúdú, kí ilé funfun wà ní igun ọwọ́ ọ̀tún yín. Ẹ mú ìwé àjákọ àti bírò.

Lẹ́tà tí gbogbo ayé ń lò ni mo máa lò níbí, torí òun náà ló wà lórí Lichess àti Chess.com, àwọn ìkànnì tí wọ́n ti ń ta ṣẹ́ẹ̀sì: K ni ọba, Q ni ayaba, R ni rúùkù, B ni bíṣọ́ọ̀bù, N ni ẹṣin. Pọ́ọ̀nù kò ní lẹ́tà. Lẹ́tà kékeré, a dé h, ni ọ̀nà tó lọ láti ẹ̀gbẹ́ funfun dé ẹ̀gbẹ́ dúdú, a wà lápá òsì funfun; nọ́ńbà, 1 dé 8, ni ìlà tí a ń kà láti ẹ̀gbẹ́ funfun; ibi tí méjèèjì ti pàdé ni orúkọ ilé, bíi e4. Àmì x túmọ̀ sí pé ó jẹ nǹkan, + ni ṣẹ́ẹ̀kì (wọ́n dojú kọ ọba), # ni méètì (ọba kò rí ibi sá sí mọ́, eré parí), 0-0 sì ni kí ọba wọ ààfin ní ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ ọn. Bí ẹ bá rí àmì mẹ́ta (...) lẹ́yìn nọ́ńbà, dúdú ló ń ta.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kí gbogbo wọn jáde nílé

1. e4 e5
2. Nf3 Nc6
3. Nc3 Nf6
4. Bb5 Bc5
5. 0-0 0-0

Kò sí ìdán kankan níbí. Pọ́ọ̀nù e5 gba àyè tirẹ̀ láàárín pátákó, ó sì ṣí ọ̀nà fún bíṣọ́ọ̀bù àti ayaba. Ẹṣin méjèèjì jáde ṣáájú. Ìlọrin kúkú ni wá, ẹṣin leégún ilé wa, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀; kò yẹ kí wọ́n kọ́ wa pé ẹṣin ló ń ṣíwájú ogun. Bíṣọ́ọ̀bù wá bọ́ sí c5, ibẹ̀ ló ti ń wo f2 lọ́ọ̀ọ́kán, ilé kan ṣoṣo nítòsí ọba funfun tó jẹ́ pé ọba nìkan ló ń ṣọ́ ọ kó tó wọ ààfin. Bíṣọ́ọ̀bù c5 yìí ni àwọn àgbà ṣẹ́ẹ̀sì ń pè ní àbáláyé, torí ó ti wà láti ìgbà tí wọ́n ti ń kọ eré sílẹ̀ nílẹ̀ Yúróòpù. Lẹ́yìn náà, ọba wọ ààfin. Ìgbésẹ̀ márùn-ún péré, dúdú ti tò.

Ẹni tí ẹ bá bá pàdé lè má ta á báyìí o. Bí ó bá gbé ayaba jáde kíákíá, 2. Qh5, tó fẹ́ fi ìgbésẹ̀ mẹ́rin pa yín, ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú 2...Nc6. Bí ó bá wá ta 3. Bc4, ẹ ta 3...g6. Ayaba á sá lọ sí f3, á tún máa wo f7, ẹ̀yin á wá ta 4...Nf6. Ayaba rẹ̀ ti rin ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀yin ti gbé ẹṣin méjì jáde. Bí ó bá jẹ́ 2. Nf3 Nc6 3. Bc4 ló ta, 3...Bc5 náà ni. Bí ó bá sáré ta 4. Ng5, ẹ wo pátákó dáadáa: ẹṣin yín kò tíì dí ayaba yín lọ́nà, ayaba á jẹ ẹṣin náà ní g5 lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ya mí lẹ́nu bí àwọn tó ń pariwo pé àwọn mọ ṣẹ́ẹ̀sì ṣe máa ń ta Ng5 yẹn. Bí ó bá sì jẹ́ 3. Bb5 láìgbé ẹṣin kejì jáde, bíṣọ́ọ̀bù c5 ṣì dára, kí Nf6 sì tẹ̀ lé e.

Ìgbésẹ̀ kejì: wọ́n jẹ pọ́ọ̀nù yín, ẹ má sáré

6. Nxe5 Re8

Ìgbésẹ̀ yìí ló ń ya ọ̀ta, ẹni tó mọ eré ta, sọ́tọ̀ kúrò lára òpè. Ẹṣin funfun jẹ pọ́ọ̀nù e5. Ọwọ́ òpè á ti na tán, á fi ẹṣin c6 jẹ ẹ́. Àmọ́ bí ẹ bá ta 6...Nxe5, funfun á ta 7. d4, pọ́ọ̀nù kan ṣoṣo yẹn á dojú kọ ẹṣin e5 àti bíṣọ́ọ̀bù c5 lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan nínú wọn á lọ, funfun á sì di olúwa àárín pátákó.

Morphy ta Re8. Rúùkù yọjú sí ọ̀nà e, ó ń wo ẹṣin e5, ó sì tún ń wo pọ́ọ̀nù e4 tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ìgbésẹ̀ àbẹ̀rù: ohun tí wọ́n jẹ kò tíì bọ́ lọ, ẹ kàn ń ránṣẹ́ pe ẹlòmíràn wá síbi ìjà ni kí ẹ tó gbà á padà.

7. Nxc6 dxc6

Funfun ì bá ti padà sí f3. Bí ó bá ta 7. Nf3, dúdú á jẹ e4 pẹ̀lú ẹṣin, 8. Nxe4 Rxe4, pọ́ọ̀nù ti padà, eré ṣì dọ́gba dé ìwọ̀n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé funfun ní díẹ̀ lókè. Bí ẹni tó jókòó níwájú yín bá mọ eré, ohun tó máa ta nìyẹn, ẹ má bínú, ẹ máa tò lọ. Ṣùgbọ́n Paulsen jẹ ẹṣin c6. Nígbà tí pọ́ọ̀nù d7 jẹ padà, ọ̀nà ṣí fún bíṣọ́ọ̀bù c8 àti fún ayaba lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bíṣọ́ọ̀bù b5 sì gbọ́dọ̀ sá.

Ìgbésẹ̀ kẹta: pańpẹ́ tó wà ní f7

8. Bc4 b5
9. Be2 Nxe4
10. Nxe4 Rxe4

Ní ìgbésẹ̀ kẹjọ, pọ́ọ̀nù e4 dúró níbẹ̀ bíi pé kó sẹ́ni tó ni ín. Ẹ fi ọwọ́ yín sórí itan, kí ẹ wò ó dé òpin. Bí dúdú bá jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀: 8...Nxe4 9. Nxe4 Rxe4 10. Bxf7+. Bí ọba bá jẹ bíṣọ́ọ̀bù, 11. Qf3+ á fún ọba ní ṣẹ́ẹ̀kì, á sì kó rúùkù e4 mọ́ ọn. Rúùkù lọ.

Ohun tí Morphy ṣe ni pé ó kọ́kọ́ fi b5 lé bíṣọ́ọ̀bù kúrò lójú ọ̀nà f7. Ìgbà tó kúrò ló tó wá jẹ e4. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé bí ẹ bá rí ohun tí ẹ fẹ́ jẹ, kí ẹ bi ara yín léèrè pé, ta ló ń ṣọ́ mi nígbà tí mo bá ń jẹ ẹ́? Ẹ lé ẹni yẹn lọ ná. Ẹ ka ohun tó kù: pọ́ọ̀nù méje sí méje, ẹṣin ti tán nílẹ̀ fún ẹgbẹ́ méjèèjì, ẹnikẹ́ni ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ẹ fi èyí sọ́kàn pé ẹṣin ti tán, ó máa wúlò láìpẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ayaba jókòó sí d3

11. Bf3 Re6
12. c3 Qd3

Ibí ni kí ẹ ti pẹ́ jù lọ. Bí àyè bá wà, ẹ yàwòrán ibi tí eré dé sínú ìwé yín.

Kí ni Paulsen ń wá pẹ̀lú c3? Ó fẹ́ ta d4, kó lé bíṣọ́ọ̀bù c5 sẹ́yìn, kó sì ní pọ́ọ̀nù méjì láàárín. Ìrònú náà kò burú, àkókò rẹ̀ ni kò bá a mu. Ká ní ó ta 12. d3 wẹ́rẹ́, bíṣọ́ọ̀bù c1 á rí ọ̀nà jáde, kò sí ìyọnu púpọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ó ta c3, ayaba dúdú sì fò wá jókòó sí d3, níwájú pọ́ọ̀nù d2 gan-an. Pọ́ọ̀nù d2 kò lè rìn mọ́. Bíṣọ́ọ̀bù c1 tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò kúrò nílé títí eré fi parí. Ẹ lè tún eré náà tò kí ẹ wò ó: ìgbésẹ̀ méjìdínlọ́gbọ̀n, bíṣọ́ọ̀bù c1 kò rin ẹ̀ẹ̀kan.

Kí ẹ tó gbé ayaba sáàárín ilé onílé báyìí, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ dáhùn. Ǹjẹ́ pọ́ọ̀nù kan wà tó lè lé e? Pọ́ọ̀nù c ti lọ sí c3, kò lè padà. Pọ́ọ̀nù e ti kú. Ǹjẹ́ ẹṣin wà tó lè fò lé e? Ẹṣin ti tán nílẹ̀. Ǹjẹ́ bíṣọ́ọ̀bù lè lé e? Bíṣọ́ọ̀bù f3 ì bá padà sí e2, ṣùgbọ́n rúùkù e6 ń wo ibẹ̀ pẹ̀lú ayaba, ẹni tó bá débẹ̀ á di jíjẹ. Bí ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jẹ́ rárá, ẹ jókòó, kí ẹ na ẹsẹ̀ pàápàá. Bí ọ̀kan ṣoṣo bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má lọ, wọ́n á lé yín kiri.

Ọmọbìnrin kan tí mò ń kọ́ ní Tánkẹ rí irú ààyè yìí lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó wá láti Ọ̀fà. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ọmọ náà sì mọ ìjà jà, kò kàn rí ibi tó máa di mú ni. Ayaba ọmọbìnrin náà ti jókòó sí d3. Ọmọkùnrin náà wo pátákó, ó họrí, ó gbé rúùkù rẹ̀ lọ sápá ọ̀tún, ó dákẹ́, ó tún gbé e padà. Ọmọbìnrin náà ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń kó àwọn tó kù jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ara ṣe máa ń ni ẹni tí ẹ bá dí pọ́ọ̀nù d rẹ̀ mọ́lẹ̀ nìyẹn: kì í ṣe pé ó pàdánù nǹkan kan, kò kàn sí ohun tó wù ú láti ta.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ ka orí kí ẹ tó lù

13. b4 Bb6
14. a4 bxa4
15. Qxa4 Bd7
16. Ra2 Rae8

Funfun ń fi pọ́ọ̀nù apá òsì wá àyè. Ní ìgbésẹ̀ kẹrìnlá, ẹ má fojú kékeré wo a4: bí dúdú kò bá dá a lóhùn, a5 á tẹ̀ lé e, bíṣọ́ọ̀bù b6 ò sì níbi tó máa lọ. Nítorí náà bxa4. Ní ìgbésẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dógún, ayaba funfun àti bíṣọ́ọ̀bù f3 jọ ń wo c6, Bd7 sì dáàbò bò ó. Bd7 yìí ò dùn ún wò, ṣùgbọ́n ó ṣe iṣẹ́ méjì: ó ṣọ́ c6, ó sì ṣí àárín ẹ̀yìn ilé fún rúùkù a8.

Paulsen ta Ra2, ó fẹ́ kí rúùkù yẹn máa ṣọ́ d2. Ó sàn kí ayaba rẹ̀ ti lọ sí a6 lójú ẹsẹ̀, kó dojú kọ ayaba d3 kí dúdú tó tò tán. Ìgbésẹ̀ kan péré tó fi ṣòfò yẹn ni Morphy fi gbé rúùkù tó kù wá sí e8.

Ẹ wá ka orí báyìí. Dúdú: ayaba ní d3, rúùkù méjì lórí ọ̀nà e, bíṣọ́ọ̀bù méjì tó ń wo ìhà ọba. Gbogbo wọn ló dé. Funfun: bíṣọ́ọ̀bù c1 ń sùn, rúùkù a2 wà ní ẹ̀gbẹ́ ògiri, ayaba wà lókèèrè ní a4. Ẹni tó bá ta ayò ọlọ́pọ́n dáadáa á mọ̀ ọ́n: ọ̀ta máa ń kó ọmọ ayò jọ sílé kan títí á fi di odù, kó tó gbé e, kó sì jẹ yíká. Rae8 ni ọmọ ayò tó kẹ́yìn tó wọnú odù.

Ìhalẹ̀ sì ti wà nílẹ̀. Bí Paulsen bá ta ohun tí kò kàn án, 17...Qxf1+ 18. Kxf1 Re1#. Ẹ tò ó kí ẹ fojú ara yín rí i.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: fífi ayaba rúbọ

17. Qa6 Qxf3

Ayaba funfun dé a6, ó ń wo ayaba d3, ó sì ń ṣọ́ f1 láti ọ̀nà jínjìn. Òpè á ní kí wọ́n pa ayaba méjèèjì, kí ara tu òun. Ara funfun ló máa tù jù. Morphy jẹ bíṣọ́ọ̀bù f3 pẹ̀lú ayaba rẹ̀. Dandan ni kí funfun jẹ ẹ́ padà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bíṣọ́ọ̀bù kan ti lọ lásán.

18. gxf3 Rg6+
19. Kh1 Bh3

Bí ẹ bá fẹ́ fi ayaba rúbọ, ẹ má fi ìgboyà ṣe é, ẹ fi ìṣirò ṣe é. Ẹ tẹ̀ lé ìlànà yìí: ẹ kọ́kọ́ wá ṣẹ́ẹ̀kì, lẹ́yìn náà ohun tó ṣeé jẹ, lẹ́yìn náà ìhalẹ̀ tí wọn kò lè dá dúró. Gxf3 ṣí ọ̀nà g níwájú ọba. Rg6 jẹ́ ṣẹ́ẹ̀kì, ọba kò níbòmíràn ju h1. Bh3 wá jẹ́ ìhalẹ̀: 20...Bg2+ 21. Kg1 Bxf3#, torí bí bíṣọ́ọ̀bù bá kúrò ní g2, rúùkù g6 ló ń fún ọba ní ṣẹ́ẹ̀kì, rúùkù f1 tirẹ̀ fúnra rẹ̀ sì dí i lọ́nà àtisá.

Bí funfun bá gbé rúùkù sí g1 ńkọ́? 20. Rg1 Bg2+ 21. Rxg2 Re1+, ohunkóhun tí wọ́n bá fi dí i, rúùkù á jẹ ẹ́ títí dé méètì. Ẹ rí rúùkù e8 yẹn níbi iṣẹ́ báyìí. Ká ní ó ṣì jókòó ní a8, kò sí Re1+, ilé e1 náà á sì ṣí sílẹ̀ fún ọba láti gbà sá. Ayaba kan náà, ẹbọ kan náà, kò sì ní fín. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn ọmọ pé kì í ṣe ìgbésẹ̀ 17 ló jẹ eré yìí, ìgbésẹ̀ 16 ni.

Ìgbésẹ̀ keje: kí ẹ parí rẹ̀

20. Rd1 Bg2+
21. Kg1 Bxf3+
22. Kf1 Bg2+

Rúùkù funfun sún sí d1 kí ọba lè rí f1 dúró sí. Ní ìgbésẹ̀ 22, ọ̀nà kan wà tó yá jù: 22...Rg2! Bí funfun bá ta 23. Qd3, 23...Rxf2+ 24. Kg1 Rg2+, bíṣọ́ọ̀bù b6 àti rúùkù jọ ń fún un ní ṣẹ́ẹ̀kì. Bí ọba bá lọ sí h1 tàbí f1, Rg1 ni méètì níbi méjèèjì. Morphy gba ọ̀nà mìíràn, òun náà sì dé ilé.

23. Kg1 Bh3+
24. Kh1 Bxf2
25. Qf1 Bxf1
26. Rxf1 Re2

Bxf2 gba g1 lọ́wọ́ ọba, Bg2 sì ti ń bọ̀ wá di méètì. Paulsen kò ní ohun mìíràn ju kó gbé ayaba rẹ̀ wá sí f1, kó sì kú síbẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: ayaba ti san padà, pọ́ọ̀nù dúdú jẹ́ mẹ́fà, ti funfun jẹ́ mẹ́rin, rúùkù e2 sì ti wọ ẹ̀yìn ilé.

27. Ra1 Rh6
28. d4 Be3

Rúùkù a2 padà sí a1, ibi tó ti wà tẹ́lẹ̀. Pọ́ọ̀nù d náà wá rìn nígbẹ̀yìn, ó ṣílẹ̀kùn fún bíṣọ́ọ̀bù c1 láti dojú kọ rúùkù h6. Be3 tì í padà. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́, 29. Bxe3 Rhxh2+ 30. Kg1 Reg2#. Bí wọn kò bá jẹ ẹ́, Rhxh2 ni méètì lójú ẹsẹ̀. Paulsen jọ̀wọ́ eré.

Bí ẹ ṣe máa fi kọ́ ara yín

Ẹ tún eré náà tò láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ fi bébà bo ìgbésẹ̀ dúdú. Bí funfun bá ti ta, ẹ kọ ohun tí ẹ̀yin máa ta sínú ìwé, kí ẹ tó ṣí bébà. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ má kàn sọ pé "ó dáa", ẹ kọ ìdí tí tiyín kò fi ṣiṣẹ́. Ẹ ṣe é ní ọjọ́ mìíràn, lẹ́yìn náà kí ẹ wá ta irú ìbẹ̀rẹ̀ náà pẹ̀lú èèyàn. Bí iná bá lọ, tọ́ọ̀ṣì fóònù á tó fún pátákó kan.

Lichess kò gba owó, ẹ̀rọ tó ń yẹ eré wò sì wà nínú rẹ̀. Ẹ má tètè tàn án. Àwọn ọmọ tó bá tàn án kí wọ́n tó ronú, ohun tí wọ́n máa ń mọ̀ ni nọ́ńbà, wọn kì í mọ ìdí. Ẹ kọ èrò tiyín tán ná, kí ẹ wá fi ẹ̀rọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ẹ bá wá dé ibi ìdíje, yálà ní pápá ìṣeré ní Ìlọrin ni o tàbí ní gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Àjàṣẹ́-Ìpo, òfin kan wà tó ń gbé eré lọ́wọ́ èèyàn. Ohun tí ẹ bá fọwọ́ kàn ni ẹ gbọ́dọ̀ ta, bí ó bá ṣeé ta. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọba wọ ààfin, ọba ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé, kì í ṣe rúùkù. Bí ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ kan rúùkù ṣáájú ọba, ẹ kò lè wọ ààfin lápá ibẹ̀ mọ́ ní ìgbésẹ̀ náà, rúùkù yẹn ni adájọ́ á ní kí ẹ rìn. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni kí ẹ fi ta á, ọwọ́ tí ẹ fi ta á náà ni kí ẹ fi tẹ aago. Ẹ má náwó àkókò yín lórí ìgbésẹ̀ márùn-ún àkọ́kọ́. Ẹ ti mọ̀ wọ́n. Ẹ fi í pamọ́ fún irú ìgbésẹ̀ 12 àti 17.

Gbogbo èyí tí mo kọ jẹ́ fún ẹni tó bá ṣí e4. Bí funfun bá ṣí d4, eré tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́ tẹ̀ lé e ni ti Rotlewi (funfun) àti Rubinstein (dúdú), ní ìlú Łódź nílẹ̀ Póláǹdì, ọdún 1907, dúdú jẹ ẹ́ ní ìgbésẹ̀ 25:

1. d4 d5 2. Nf3 e6 3. e3 c5 4. c4 Nc6 5. Nc3 Nf6 6. dxc5 Bxc5 7. a3 a6 8. b4 Bd6 9. Bb2 0-0 10. Qd2 Qe7 11. Bd3 dxc4 12. Bxc4 b5 13. Bd3 Rd8 14. Qe2 Bb7 15. 0-0 Ne5 16. Nxe5 Bxe5 17. f4 Bc7 18. e4 Rac8 19. e5 Bb6+ 20. Kh1 Ng4 21. Be4 Qh4 22. g3 Rxc3 23. gxh4 Rd2 24. Qxd2 Bxe4+ 25. Qg2 Rh3

Ẹ dúró ní ìgbésẹ̀ 18, lẹ́yìn Rac8, kí ẹ ka orí àwọn èèyàn dúdú tó ti dé ojú ogun àti tàwọn tó kù nílé. Ẹ kọ iye wọn sínú ìwé kí ẹ tó ṣí ìgbésẹ̀ 20.